Ohùn Tó Ń Gbé Inú Ẹkù Ẹfúnwùmí

Bí ìfẹ́ bá ń pa yín, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ pa irọ́ kékeré. Ẹ má fi ejò sí i.

Èṣùbíyì fi ejò sí tirẹ̀. Ejò náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e kúrò nínú ilé kan ṣoṣo tó wù ú láti gbé láti ìgbà tó ti gbọ́njú.

Irun orí rẹ̀ ti funfun tán kó tó padà sí ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí. Ó ti ta jìtá báàsì ní Kútọnu, ó ta á ní Lomé, ó ta á dé Gabon. Kò kọ́lé, kò ní ìyàwó tó bá a dúró. Gbogbo ohun tó rù bọ̀ kò ju jìtá olókùn mẹ́rin kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, àti báfù rẹ̀, ìyẹn àpótí onígi gìrìwò tí ohùn ń gbà jáde, tí aṣọ ojú rẹ̀ ti fà ya.

Ní Ikpinlè, opó kan tó ń jẹ́ Ẹfúnwùmí, tó ń ṣe epo pupa, fún un ní yàrá kan ní àgbàlá rẹ̀. Armand, tó ní ẹgbẹ́ olórin tí ń ṣeré níbi òkú àti ìkómọ, gbà á sí ẹgbẹ́, nítorí pé oníbáàsì tó ní tẹ́lẹ̀ ti kọjá sí Nàìjíríà, ó ń fi alùpùpù gbé èrò níbẹ̀.

Gbogbo ayé Èṣùbíyì, ohùn kan ló ń wá. Ohùn Rogatien ni.

Rogatien yìí ń ta báàsì nílé ọtí kan ní Àjàṣẹ́ nígbà tí ara Èṣùbíyì ṣì le. Ọkùnrin náà kì í kánjú. Àtàǹpàkò ló fi ń ta á. Á ta okùn kan, á jẹ́ kó sọ̀rọ̀, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lẹ́nu mọ́ kó tó di ariwo. Okùn rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, kì í pààrọ̀ wọn. Ó ní okùn tuntun máa ń han bíi ṣíbí tó já bọ́ sórí símẹ́ńtì. Báàsì rẹ̀ kì í wọ etí. Inú ikùn ló ń wọ̀, á sì jókòó síbẹ̀.

Èṣùbíyì ti sa gbogbo ipá rẹ̀ láti rí irú ohùn yẹn. Ó ti gé tìmùtìmù, ó ti ki í sábẹ́ okùn bí bàbá ará Kóńgò kan ṣe fi hàn án ní Gabon. Ó ti se okùn nínú ìkòkò bí ẹni ń se ẹ̀wà, wọ́n sì wá ń han ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ti fi epo pa wọ́n. Òfo.

"Bàbá," ni Armand máa ń wí, "báàsì yín yìí, bí adìẹ tí òtútù mú ló ń ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mà wà ní Pobè o, gbogbo nǹkan tirẹ̀ tuntun ni."

"Kó máa bọ̀," ni Èṣùbíyì máa ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ká wọn mọ́ ìdánrawò lábẹ́ igi máńgòrò. Kálukú gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sá. Ibi tó sún mọ́ Èṣùbíyì jù ni abẹ́ àtíbàbà tí ẹkù wà, kòtò jíjìn onísímẹ́ńtì tí àwọn obìnrin ń da ẹyìn sísè sí, tí wọ́n á bọ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi yọ. Ìgbà ẹyìn kò tíì dé, ẹkù gbẹ táútáú. Èṣùbíyì sọ báfù rẹ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ó da ojú rẹ̀ dé ilẹ̀, ó fi pákó bo kòtò lórí kí òjò má bàa fẹ́ sí i.

Òjò dá. Ọ̀lẹ kò jẹ́ kó gbé e jáde. Ó tún wáyà so, ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ta okùn tó nípọn jù.

Ilẹ̀ dáhùn.

Mo ní ilẹ̀ dáhùn! Ewé máńgòrò gbọ̀n omi sílẹ̀. Ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ dìde, ó wo abẹ́ ara rẹ̀. Èṣùbíyì tún un ta, irun apá rẹ̀ dìde sókè. Rogatien gan-an ni! Ó tilẹ̀ ju Rogatien lọ!

Ẹfúnwùmí sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé, ọṣẹ ṣì ń ho lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Báàsì, kí lẹ ṣe?"

"Báwo?"

"Ohùn yẹn. Ó wọ inú mi lọ, kò sì jáde."

Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ pé, "Báfù mi ló wà nínú ẹkù yín." Gbólóhùn kan péré. Ọmọdé á sọ ọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń wò ó bí ẹnikẹ́ni kò ṣe wò ó rí láti Kútọnu títí dé Gabon.

"Ìka mi ni," ló wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni."

"Ìka?" Ẹfúnwùmí rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tutù mọ́."

Nírọ̀lẹ́, àwo ẹ̀kọ àti ẹja gbígbẹ wọlé tọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹja náà tóbi sí i. Kí oṣù tó parí, ẹran ti wà nínú ọbẹ̀.

Ẹgbẹ́ kò ṣe ìdánrawò sí ibòmíràn mọ́. Èṣùbíyì ti fi ìhá ẹyìn gbígbẹ bo wáyà, ó sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé báfù òun ti bàjẹ́, àpótí tí Armand fi ń kọrin ni òun ń bá a lò. Àwọn adẹ́mu láti Massè ń ya wá gbọ́ ọ. Armand tó ń fi adìẹ bú u wá ń gbé àga fún un.

"Bàbá, ẹ kọ́ mi ní ìka yẹn."

"Ìka kì í ṣe ohun tí à ń kọ́, ọmọ mi. Ìyà ló ń kọ́ni." Ẹ gbọ́ òpùrọ́!

Ìgbà yẹn ni Ẹfúnwùmí wá bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, tó ń fi etí aṣọ rẹ̀ ṣeré.

"Tí ìgbà ẹyìn bá parí," ó wí, "ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí yàrá yìí. Yàrá àlejò ni. Kò yẹ kẹ́ ẹ máa ṣe àlejò nínú ilé yìí títí ayé."

Èṣùbíyì kò sùn. Ó dùbúlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí àjà.

Ẹyìn pọ́n. Àárọ̀ ọjọ́ kan, Carine, àbúrò Ẹfúnwùmí, gbé ìgbálẹ̀ àti korobá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fọ ẹkù lónìí."

Ẹ̀kọ há Èṣùbíyì lọ́fun. Àná yẹn gan-an ni Armand mú ìròyìn wá pé Solange, obìnrin kan láti iléeṣẹ́ ràdíò, ń bọ̀ wá gba orin wọn sílẹ̀ nínú àgbàlá náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Èṣùbíyì tún nílò ẹkù yìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré, á sì gbé báfù rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

"Ẹ má débẹ̀!" ló ké. "Ejò wà níbẹ̀!"

"Ejò wo?"

Ẹ wo bí orí ṣe ń yára ṣiṣẹ́ tó bá di ibi. Tó bá ní sèbé ni, àwọn ọkùnrin á ti kó àdá dé kó tó pa ẹnu dé. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ pé nínú ìdílé yìí, wọn kì í pa òjòlá, wọn kì í sì í fọwọ́ kàn án.

"Òjòlá," ló wí.

Ìyá àgbà Oyèfúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá Ẹfúnwùmí, tó ń yan àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbé ojú sókè.

"Ó tóbi?"

"Ó tóbi díẹ̀, Ìyá."

"Ṣé ó rí ọ?"

"A jọ wo ara wa."

"Kò sẹ́ni tí yóò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀," ni Ìyá àgbà wí, "títí tí Bàbá inú kòtò náà yóò fi lọ fúnra rẹ̀."

Ohun tí Èṣùbíyì gbọ́ nìyẹn, inú rẹ̀ sì dùn. Ohun tí kò gbọ́, nítorí pé ẹni tó ń rìn ká ayé kì í mọ àṣà ilé tán, ni ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí Bàbá náà bá kọ̀ tí kò lọ.

Ejò náà bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Èṣùbíyì lọ ra okùn jìtá ní Adja-Ouèrè, onísẹ́míjàn tó fi alùpùpù gbé e ń ròyìn fún un lójú ọ̀nà.

"Tọ́ntọ̀n, ẹ ò gbọ́ nípa òjòlá Ikpinlè? Ó gbé ewúrẹ́ mì."

"Ewúrẹ́?"

"Pẹ̀lú okùn ọrùn rẹ̀! Bàbá oníjìtá kan ló rí i. Wọ́n ní látìgbà náà, bàbá yẹn ò lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́."

"Mo gbà á gbọ́," ni Èṣùbíyì wí.

Ẹ rẹ́rìn-ín, mo fún yín láyè. Ṣùgbọ́n ẹyìn kì í dúró de ejò. Àwọn obìnrin náà wá ń se ẹyìn wọn nílé, wọ́n ń rù ú lọ sí Massè lọ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù ẹlòmíràn, lẹ́yìn tí onítọ̀hún bá ti tẹ tirẹ̀ tán. Ọ̀nà amọ̀, ọ̀nà yíyọ̀. Carine ṣubú tòun ti agbada ẹyìn gbígbóná lórí. Wọ́n fi alùpùpù gbé e bọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìbẹ́pẹ.

Èṣùbíyì fi òrí ra ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

"Tọ́ntọ̀n, ẹ ṣeun o," ni Carine wí, ó ń run ojú. "Ọlọ́run á san án fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà padà sọ́fun. Nírọ̀lẹ́ ó gbé jìtá. Ẹfúnwùmí jókòó ti ògiri, ẹrẹ̀ Massè ṣì wà lára rẹ̀.

"Ṣé ohùn mi dùn lónìí?" ló bi í.

"Ó dùn," ni obìnrin náà wí, ó sì sùn lọ lórí ìjókòó.

Ọjọ́ tí Solange dé, oòrùn mú. Ó gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀ lé orí tábìlì, ó fi ìborùn bò ó kí eruku má bàa wọ̀ ọ́, ó na ọ̀pá míkirò síwájú ẹgbẹ́. Armand kà á, oókan, eéjì, orin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí báàsì wọlé, Solange la ẹnu, kò ráyè pa á dé.

"Níbo ni ohùn yẹn ti ń wá?" ló rọra bi Armand.

"Ìka ni, Màdáàmù. Ìka bàbá yìí ni."

Wọn kò tíì dé ìdajì orin tí Ìyá àgbà Oyèfúnkẹ́ fi yọ lẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọn obìnrin ìdílé. Aṣọ funfun ni wọ́n ró. Igbá ẹyin wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin olórin, ẹ dáwọ́ dúró díẹ̀. Bàbá kọ̀ kò lọ, ẹyìn sì ń jẹrà. A fẹ́ bẹ̀ ẹ́."

Èṣùbíyì wo wáyà. Ó wo ìhá tó bò ó. Ó bẹ Ẹlẹ́dàá rẹ̀ pé kí iná lọ. Lọ́jọ́ mìíràn gbogbo, iná á ti lọ.

Ìyá àgbà kúnlẹ̀ létí ẹkù, ó gbé igbá ẹyin kalẹ̀.

"Bàbá, a kí yín o. A ò bá yín jà. Ẹ wo ẹsẹ̀ Carine bó ṣe rí. Ẹ wo ọrùn àwọn ọmọ yín lábẹ́ ẹrù. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wa lóhùn."

Òógùn ti bo ọwọ́ Èṣùbíyì. Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ̀ lórí okùn tó nípọn jù.

Gbòòòòòm.

Àwọn obìnrin wólẹ̀ gbalaja. Ìyá àgbà gan-an fò sẹ́yìn. Ó ti bẹ òjòlá láti ìgbà ọmọge rẹ̀, kò sí èyí tó dá a lóhùn rí.

"Ó dáhùn!" ló ké. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dáhùn! Bàbá, ṣé ẹ máa lọ?"

Èṣùbíyì sáré mú okùn náà kó lè pa á lẹ́nu mọ́. Ìka rẹ̀ gbá ìkejì.

Gbòm.

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni! Ìgbà wo, Bàbá? Lónìí ni àbí lọ́la?"

Èṣùbíyì ká ọwọ́ méjèèjì kúrò lára jìtá bí ẹni tí iná jó. Ẹni tó bá mọ báàsì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fi okùn sílẹ̀ lásán, tí ohùn sì pọ̀ nínú báfù: okùn á gbọ́ báfù, báfù á gbọ́ okùn, wọ́n á sì máa pe ara wọn. Hùùùùùùù, ni ẹkù bẹ̀rẹ̀. Ó ń ga sí i. Pákó tó wà lórí rẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì.

"Ó ń jáde bọ̀!"

Aṣọ funfun fọ́n ká. Ẹnìkan gun tábìlì Solange. Armand wọ ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Ẹfúnwùmí nìkan ni kò sá. Ó wo ẹkù. Ó wo ọwọ́ Èṣùbíyì tó wà lókè. Ó rọra rìn wá síwájú ọkùnrin náà, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ejò dákẹ́.

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Hùùùù. Ó tún fi lé e. Kẹ́kẹ́.

"Ta á," ló wí.

"Ẹfúnwùmí, jẹ́ kí n…"

"Mo ní kó o ta á."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, kò pè é ní "ìwọ" rí. Ó ta á. Òjòlá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Tún un ta."

Ó tún un ta.

Ìyá àgbà Oyèfúnkẹ́ yọ jáde lẹ́yìn ìkòkò omi, eruku wà ní eékún rẹ̀ méjèèjì. Ó wọ́ pákó kúrò, ó bojú wo inú kòtò, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìyẹn ni pé," ló wí, "àpótí ni mo ń pè ní Bàbá."

Lẹ́yìn náà, Carine, tó di igi máńgòrò mú lórí ẹsẹ̀ kan, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ràn. Àwọn obìnrin ń gbá ara wọn lẹ́yìn, wọ́n ń jókòó sílẹ̀. Armand ń pariwo láti inú ilé ìdáná pé ṣé ó ti lọ, wọ́n sì ń dá a lóhùn pé kò tíì lọ, ó ń wá a.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyá àgbà wí. Ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ẹyin tí a bá gbé wá fún òjòlá kì í padà sílé. Òjòlá gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. Èṣùbíyì, ya ẹnu."

"Ìyá, tútù ni wọ́n."

"Ṣé òjòlá máa ń dín in ni?"

Ó gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ẹ wo ọ̀fun rẹ̀!" ni Carine ké. "Ògidì òjòlá ni!"

Ẹfúnwùmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Kì í ṣe ejò ló dùn mí," ló wí. "Gbogbo ènìyàn ló ń purọ́. O ń wo ẹsẹ̀ Carine. Ìwọ lo fi òrí ra á. O ń wò mí bí mo ṣe ń ti Massè bọ̀, tí ọrùn mi ti wọ inú àyà, o sì ń bi mí bóyá ohùn rẹ dùn." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Di ẹrù rẹ."

Irọ́ tán lẹ́nu Èṣùbíyì.

Solange ló sọ̀rọ̀. Ó ti lé ẹni tó gun orí tábìlì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má yọ báfù yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba orin sílẹ̀, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká gba ẹyọ orin kan, kí ẹ wá máa bá ìjà yín lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá!" ni Armand wí, ó ti ráyè jáde. "Orin kan péré!"

Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ohùn Rogatien ni, lórí ràdíò, pẹ̀lú orúkọ Èṣùbíyì lára rẹ̀, kó tó kú. Wákàtí kan péré. Ẹrù rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ láti dì.

Ó gbé jìtá kọ́ igi. Ó bọ́ sínú ẹkù tòun ti sòkòtò, ó gbé báfù náà lé èjìká, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sínú oòrùn. Ó fa omi. Ó mú ìgbálẹ̀ Carine, ó fọ kòtò náà títí símẹ́ńtì fi funfun. Nígbà tó fọ̀ ọ́ tán, ó nàró.

"Ẹkù yín rèé," ló sọ fún Ẹfúnwùmí. "Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Mo fẹ́ di ẹrù mi."

Ẹyìn tí wọ́n ti sè fún Massè ṣì ń gbóná. Wọ́n dà á sínú kòtò, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n bọ́ sínú rẹ̀, Ẹfúnwùmí ló ṣáájú. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, gbì, gbì, gbì. Ọ̀kan nínú wọn dá orin, àwọn yòókù gbè é. Ẹnu orin náà ni "Òjòlá gbé ẹyin, kò gbé mi," wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún ni.

Solange sáré yí ọ̀pá míkirò sí wọn.

"Bàbá," ni Armand sọ lábẹ́ ohùn, "ẹ gbé jìtá. Ẹ̀gàn ti dé ná, ẹ jẹ́ ká fi ṣeré."

Èṣùbíyì gbé e. Báfù wà lórí ilẹ̀ lásán, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń hó díẹ̀. Kò bìkítà. Ó ń wo ẹsẹ̀ àwọn obìnrin náà, ó sì ń fi báàsì sí ibi tí ẹsẹ̀ bá ti gbéra, kò fi lé orí wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún gbọọrọ, kò gbọ́ Rogatien. Epo ń yọ. Ó ń rẹ́rìn-ín bí wèrè, omi ẹyin ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, Solange ń ká wáyà rẹ̀.

"Mo fẹ́ dárúkọ yín lórí ràdíò. Ẹ ní kí ni orúkọ yín?"

"Èṣùbíyì."

"Ará ibo?"

Ó la ẹnu. Wọ́n ti bi í ní gbogbo ẹnu ibodè tó kọjá, kò sì fún ẹnu ibodè méjì ní ìdáhùn kan náà rí.

"Ará ilé yìí ni."

Ẹfúnwùmí ló sọ ọ́ láti inú kòtò, epo ti dé orókún rẹ̀, kò sì gbé ojú sókè.

Solange wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. "Ṣé kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí ràdíò?"

"Ẹ sọ ọ́ kíkankíkan," ni Ẹfúnwùmí wí, ó sì ń tẹ ẹyìn lọ. "Kí gbogbo Ikpinlè gbọ́, kó má bàa ríbi sá sí."